Bí Mo Ṣe Jí Ṣírò Dìde Tí Mo Sì Ba Ìyá Rẹ̀ Lórúkọ Jẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ tó ń lo èdè Ṣírò, ẹ kọ̀wé sí mi pé kí n kọ ìtàn bí mo ṣe jí èdè yìí dìde, kí ẹ lè tẹ̀ ẹ́ síwájú ìwé ọdún kejìlá tí ẹ ń múra rẹ̀. Ẹ pè mí ní bàbá. Ẹ tún ní kí n fi fọ́tò kan ránṣẹ́, èyí tí mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ṣíọ̀! Ẹ̀rín wo? Ìtàn tí ẹ bèèrè nìyí, mi ò ní bù mọ́ ọn, mi ò sì ní yọ kúrò níbẹ̀. Kídìnrín mi méjèèjì ti kọṣẹ́ sílẹ̀. Dókítà sọ fún mi lóṣù tó kọjá, kò lè wojú mi, pé kí n pe àwọn tí mo bá fẹ́ rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tiẹ̀ tó ogún. Ọdún méjìlá péré ló sáré tí òtítọ́ fi lé e bá, inú mi sì dùn pé ó bá a nígbà tí ẹnu mi ṣì lè sọ̀rọ̀.

Kí ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ má bàa ṣìnà: Ṣírò ni èdè tí a fi ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Iléeṣẹ́ tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní iléewòsàn, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló kù níbẹ̀ tó ṣì gbọ́ ọ. Ó tóbi bí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mẹ́ta tí a tò mọ́ra, ó ń kùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú yàrá kan tó tutù débi pé tíì kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó di omi lásán. Obìnrin kan ló ń jọba nínú yàrá yẹn. Gbogbo wa ń pè é ní Ìyá Ṣírò. Ó fi ọdún mẹ́rìnlélógún jù mí lọ. Súwẹ́tà aláwọ̀ eérú kan ló máa ń wọ̀ síṣẹ́, pẹ́ńsùlù kì í kúrò létí rẹ̀, a sì máa bú ẹ̀rọ náà bí ẹni ń bú ọkọ tó ti fẹ́ tipẹ́: “Ìwọ ọ̀lẹ yìí, o tún ti sùn lọ?” Ó ju ọgọ́rùn-ún ètò lọ tó ti fi Ṣírò kọ. Èyí ń to orúkọ aláìsàn, èyí ń ka aṣọ bẹ́ẹ̀dì, èyí ń sọ iye oògùn tó kù. Èyí tó ṣọ́ jù nínú wọn ni ètò tí ń sọ ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tí a máa fún àwọn ọmọ tuntun tí kòkòrò àìsàn wọ̀ lẹ́jẹ̀. Oògùn yẹn lágbára. Ó ń gba ẹ̀mí ọmọ là, ṣùgbọ́n bó bá ti pọ̀ jù, etí ló máa ń pa, etí tó bá sì ti kú báyẹn kì í jí mọ́. Ìyá Ṣírò ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa èdè yìí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ti ń kà á lọ, kí ẹ lè mọ irú ẹranko tí ẹ ń pè ní bàbá.

Ẹ̀rọ náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí ibi tí ènìyàn ti lè ra ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́. Mo ní dípò ká tún gbogbo ètò kọ, ẹ jẹ́ kí n ṣe ògbufọ̀ kan tí yóò jókòó sórí kọ̀ǹpútà tuntun, tí yóò máa ka Ṣírò, tí yóò sì máa ṣe ohun gbogbo bí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ń ṣe é, láìyí lẹ́tà kan padà nínú ohun tí Ìyá kọ. Ọdún méjì gbáko la fi ṣe é. Ìwé ìlànà èdè náà ti já sí wẹ́wẹ́, ìdajì rẹ̀ kò sí mọ́. Orí Ìyá ni ìdajì yòókù wà. Mo máa bi í ní ìbéèrè, á dijú, á ní, “Dúró ná, dúró ná,” á sì sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń ka oríkì ìyá ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ògbufọ̀ mi kọ́kọ́ ka ìlà kan tó sì dáhùn, ó lu àtẹ́wọ́, ó fò sókè pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní, “Ó sọ̀rọ̀! Ọmọ mi, ó sọ̀rọ̀!” Ìròyìn náà tàn. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀rọ àtijọ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé sí mi, èmi náà ń dá wọn lóhùn: mo ṣe báyìí, mo rí i báyìí, mo ronú sí i títí. Ẹ lọ wo àwọn lẹ́tà yẹn, ẹ ṣì tò wọ́n síbẹ̀. Orúkọ Ìyá kò sí níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Olè ni mí kí n tó di ìkà.

Ìyá ní òfin kan tí kò gba àwáwí. Kí a tó pa ẹ̀rọ àtijọ́, kó kọ́kọ́ ṣe gbogbo ètò, kó tẹ ìdáhùn rẹ̀ sórí pépà. Kí ògbufọ̀ mi náà ṣe tirẹ̀. Kí ẹnì kan wá máa ka ti àtijọ́ sókè, kí ẹnì kejì máa fi pẹ́ńsùlù fàlà sí ti tuntun, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn. “Ẹ̀rọ yìí nìkan ni ẹlẹ́rìí tá a ní,” ló máa ń wí. “Bó bá ti kú, ta la máa bi?” Bẹ́ẹ̀ la ṣe fún oṣù mẹ́ta, èmi ń kà, òun ń fàlà. Bí mo bá fẹ́ fo ojú ìwé kan, á fi pẹ́ńsùlù kàn mí lórí. Ó ku ètò kan ṣoṣo, ti àwọn ọmọ tuntun, tó fi sẹ́yìn torí pé kò fẹ́ ká kánjú sí i. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ tí awọ ti ń bò kọ̀ láti ríran mọ́, wọ́n sì ní kó wá ṣe iṣẹ́ abẹ kíákíá. Kó tó lọ, ó mú kí ẹ̀rọ àtijọ́ tẹ ìdáhùn tirẹ̀, ogójì ojú ìwé, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Mú nọ́ọ̀sì kan jókòó tì ọ́ kó máa kà á. Má dá a ṣe o. Ojú ẹnì kan a máa tan ara rẹ̀ jẹ.” Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà.”

Mo dá a ṣe. Ọ̀sán gangan ni, mo ti jẹun tán, fèrèsé ṣí sílẹ̀. Lórí ojú ìwé kìíní, nọ́ńbà kẹta kò bára mu. Mo yí i wò, mo tún un wò. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bí ọmọdé ṣe máa gbọ́ ọ. Bí ẹ bá ní kí Ṣírò pín méje sí méjì, mẹ́ta ló máa sọ. Á ju àṣẹ́kù nù, kò sì ní wẹ̀yìn. Bí wọ́n ṣe dá èdè náà nìyẹn, Ìyá sì gbójú lé e nígbà tó ń kọ ètò rẹ̀: ọmọ tí ìwúwo rẹ̀ kò bá tíì pé ìpele kan, ìpele tó wà nísàlẹ̀ ni kó dúró sí. Ògbufọ̀ tèmi ní tirẹ̀, mẹ́rin ló máa sọ. Ó ń sún un sókè. Àwọn ètò yòókù kò fi àṣìṣe yìí hàn, torí pé ìtòlẹ́sẹẹsẹ àti ìròpọ̀ ni iṣẹ́ tiwọn. Ṣùgbọ́n ìpín mẹ́ta ló tẹ̀ léra nínú ti àwọn ọmọ tuntun: ti ìwúwo, ti ọjọ́ orí, ti iye abẹ́rẹ́ lójúmọ́. Ẹ sún un sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ wò ó. Fún àgbàlagbà, kò tó nǹkan. Fún ọmọ tí gbogbo ara rẹ̀ wọ inú àtẹ́lẹwọ́ méjì, májèlé ni.

Mo mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé mi ò mọ̀. Mo mọ ibi tí àṣìṣe náà wà kí tíì mi tó tutù. Ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ ògbufọ̀ ló wà; bí mo bá tún un ṣe, gbogbo ètò tá a ti fi wéra fún oṣù mẹ́ta la máa padà sí. Ó sì ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n wọ bàálù lọ síwájú àpéjọ àwọn tó ń jí èdè àtijọ́ dìde, níbi tí wọ́n ti tẹ orúkọ mi sórí pátákó ńlá. Ọ̀gá àgbà iléewòsàn wa, tí a ń pè ní Ṣe-Kíá torí pé kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta láìfi ọ̀rọ̀ yẹn sí i, ti ń kan ilẹ̀kùn lójoojúmọ́: “Ọ̀gá, ṣé ẹ ti parí? Ẹ ṣe kíá. Àwọn tó fẹ́ tú ẹ̀rọ yẹn palẹ̀ ti dé.” Ni mo bá mú pépà oníhò létí tí ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò, mo mú kí ògbufọ̀ mi tẹ ìdáhùn ara rẹ̀ sí i, mo kọ “ẹ̀rọ àtijọ́” sókè rẹ̀. Mo tún mú kó tẹ ohun kan náà sórí pépà tuntun. Mo wá tẹ́ méjèèjì síwájú, mo ń fi pẹ́ńsùlù fàlà sí i, ojú ìwé ogójì, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Ṣé ó lè ṣe kó má bára mu ni? Ẹni tó jí adìẹ, òun náà tún ni adájọ́, òun náà ni ẹlẹ́rìí. Mo ya ojúlówó pépà tí Ìyá fún mi, mo sọ ọ́ sínú ike ìdọ̀tí, mo sì lọ fọwọ́. Mo rántí pé mo fi ọṣẹ sí i dáadáa.

Nígbà tí Ìyá dé, aṣọ funfun ṣì wà lójú rẹ̀ ọ̀tún. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni, “Ṣé o fi ti àwọn ọmọ tuntun wéra?” Mo ní, “Gbogbo ẹ̀, mà. Ó bára mu láti òkè délẹ̀.” Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Bá mi fi ìka mi síbi tí màá fọwọ́ sí.” Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e síbẹ̀. Ó fọwọ́ sí i lábẹ́ orúkọ mi. Ìka yẹn gbóná, ó gbẹ, mo ṣì ń mọ̀ ọ́n lára títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ìríra rẹ̀ sì ni pé nígbà náà kò ṣe mí ní nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n tú ẹ̀rọ àtijọ́ palẹ̀, wọ́n kó o lọ bí irin àlòkù. Èmi ti wà lókè òkun, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi.

Oṣù keje lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì àgbà ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun ṣàkíyèsí nǹkan kan. Abọ́ irin já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ta gìrì, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kan tí wọ́n gbé wá fún àyẹ̀wò kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. Ó pa àtẹ́wọ́ lẹ́bàá etí rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Wọ́n pe dókítà etí, ó pe gbogbo ọmọ tó ti gba abẹ́rẹ́ yẹn padà. Mẹ́rin ni. Ọmọ mẹ́rin ti di adití, wọn ò sì ní gbọ́ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n láéláé. Mo wà ní ọ́fíìsì mi nígbà tí ìròyìn náà dé. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe àwọn ọmọ náà. Pépà ni. Mo ń ro ibi tí pépà wà.

Wọ́n yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́ta, wọ́n ní kí èmi àti Ìyá wá. Mo wọ aṣọ tó dáa. Wọ́n bi mí bóyá èdè tí mo jí dìde ló fà á. Mo ní, “Ẹ̀yin ọ̀gá, ògbufọ̀ kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí Ìyá kọ ló ń kà. Ìdáhùn ẹ̀rọ àtijọ́ nìyí, ti tuntun nìyí, ọ̀kan náà ni, àwa méjèèjì la sì fọwọ́ sí i. Bí àṣìṣe bá wà, inú ètò ló ti wà tipẹ́.” Ìyá wò mí, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú o. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Ó ní, “Ọdún méjìdínlógún la fi lo ètò yìí, ọmọ kan kò di adití.” Kí ni mo sọ? Mo ní, “Ìyá, ta ló ń yẹ etí wọn wò nígbà yẹn? Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni dókítà etí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ òtítọ́, kò sì jẹ́ irọ́ gbáà, irú rẹ̀ ló máa ń rọ́wọ́ mú jù. Bá a ṣe ń jáde, Ṣe-Kíá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣe kíá parí èyí. Obìnrin yẹn ń fẹ̀yìntì lọ́dún yìí. Ẹni tó ń lọ ló yẹ kó gbé e lọ.” Mo mi orí. Mo mi orí, ẹ gbọ́ mi?

Mo rò pé ó tán. Lọ́jọ́ kejì Ìyá pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ayọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, mo rántí! Alápá méjì ni pépà ẹ̀rọ yẹn, kábọ́ọ̀nù ló wà láàárín. Gbogbo ẹ̀dà kejì ni mo máa ń kó wálé látìgbà tí òjò ti ba àwọn fáìlì wa jẹ́ níjọ́sí. Ti àwọn ọmọ tuntun wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ojú mi kò tíì lè ka wínníwínní rẹ̀. Wá bá mi kà á.” Mo ní mò ń bọ̀. Kí n tó jáde nílé, mo ti ká pépà irọ́ mi sínú fáìlì kan.

Pálọ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó fún mi lómi tútù, ó bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní rárá, ó lọ fi búrẹ́dì àti ẹyin síwájú mi, mo sì jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, mo jẹ ẹ́! Ó ti ní kí ìgbìmọ̀ bá òun tún ìdáhùn ògbufọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn tẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, ó gbé e sórí itan, ó yọ pẹ́ńsùlù létí. “Ó yá, máa kà. Ka ti àtijọ́, kí n máa fàlà.” Mo ṣí páálí náà. Òtítọ́ wà níbẹ̀, dúdú lórí pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: mẹ́ta níbi tí mẹ́rin wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó síwájú mi, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, kò sì lè rí i. Mo fi pépà irọ́ lé orí ti òtítọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè. Nọ́ńbà kan, ó fàlà. Nọ́ńbà kan, ó fàlà. Ní ojú ìwé karùn-ún ó ní, “Dúró ná. Tún ìyẹn kà.” Mo tún un kà. Ó ní, “Mẹ́rin?” Mo ní, “Mẹ́rin, mà.” Ó fàlà títí dé ojú ìwé ogójì, torí pé òfin rẹ̀ ni pé a kì í fo ojú ìwé kankan. Nígbà tá a parí, ó yọ gíláàsì rẹ̀, ó ní, “Nítorí náà, èmi ni.” Mo ní, “Ìyá, kò sẹ́ni tí kì í ṣe àṣìṣe.” Ẹ̀yin ènìyàn! Ẹnu yìí ló sọ bẹ́ẹ̀! Ó bá mi gbé páálí náà dé ìdí mọ́tò, ó ní kí n kó o lọ fún ìgbìmọ̀ kí wọ́n fi kún fáìlì, ó gbàdúrà fún mi pé kí ọmọ tèmi náà má já mi kulẹ̀ láyé. Mo wa mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì tààrà, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì ń fi pépà náà bọ ẹ̀rọ tí ń gé ìwé wẹ́wẹ́ lẹ́nu, títí ó fi tán. Mo kó ohun tó kù sínú àpò dúdú mẹ́ta. Wọ́n fúyẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Ìyá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ síwájú ìgbìmọ̀, ó ní òun ló ṣe é. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìsí ayẹyẹ, láìsí ìwé ìdúpẹ́. Wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tó wà sì funfun ju ìyókù ògiri lọ fún bí ọdún kan. Èmi ní tèmi, mo ní màá “tún ètò náà ṣe”, mo sì tún ògbufọ̀ mi ṣe ní kọ̀rọ̀. Ẹ ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀dà kejì Ṣírò, ẹ ka ìlà kẹjọ: “A tún ọ̀nà ìpín ṣe díẹ̀.” Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ka ìlà yẹn. Etí ọmọ mẹ́rin ló wà nínú “díẹ̀” yẹn, ẹ̀yin sì kọ̀wé sí mi pé mo ṣe é lọ́nà tó gún régé.

Ẹ ti rò pé mo ti dé ìsàlẹ̀ kòtò. Rárá o. Ìyá ní òun fẹ́ lọ bẹ àwọn òbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílé wọn, ojú òun kò sì gbé e láti wa mọ́tò. Ta ló wà á? Èmi ni, ọmọ dáadáa. Nílé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin kan ṣí ilẹ̀kùn, ọmọbìnrin tí kò gbọ́ ariwo abọ́ irin nì wà ní èjìká rẹ̀. Ìyá dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì bí ọkùnrin, torí pé ó ní ìkúnlẹ̀ kò tó. Ó ní, “Èmi ni mo kọ ìlà tó ba etí ọmọ yín jẹ́. Mi ò ní àwáwí.” Obìnrin náà kò bú u. Ẹkún ló sun, ó ní, “Mo máa ń kọrin fún un o. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọrin fún un kí n tó mọ̀.” Ó wá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí, ó ní, “Ìwọ ọmọ wọn, kí lo rí sọ?” Ọlọ́run gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ forí jì wọ́n. Ọjọ́ ogbó ló dé sí wọn.” Mo bá a bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ̀ mi, mo sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe àlàyé. Nínú mọ́tò, ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní òun dúpẹ́ pé mo gbẹnu sọ fún òun. Mo ti ṣe ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lọ sí iwájú Ẹlẹ́dàá, ọ̀rọ̀ “ọjọ́ ogbó” yẹn ni wọ́n máa so mọ́ mi lọ́rùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ó kọ́ èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń sọ. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún! Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń lọ bá àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó, ó ń fi ọwọ́ kọ́ wọn ní ìṣirò, wọ́n sì ń pè é ní ìyá àgbà. Èmi ń gbààmì ẹ̀yẹ. Nígbà tí àìsàn yìí dá mi dùbúlẹ̀, tí ìyàwó mi ti kọ̀ mí sílẹ̀ tipẹ́, tí ọmọ mi ń pè lẹ́ẹ̀kan lóṣù, òun ló ń wá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀. Á wọ bọ́ọ̀sì méjì, á nu ojú mi, á gé èékánná mi, á bú mi bó ṣe ń bú ẹ̀rọ rẹ̀: “Ìwọ ọ̀lẹ yìí, o tún ti sùn lọ?” Ọjọ́ kan ló ń gé èékánná mi, ó wá ní, “Ọmọ mi, ìwọ tó súnmọ́ Ọlọ́run báyìí, bá mi bẹ̀ ẹ́ nítorí àwọn ọmọ yẹn. Mi ò fẹ́ kú kó tó dárí jì mí.” Èébì gbé mi. Mo bì sínú báàsìnì, ó di orí mi mú, ó ń ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Mi ò lè gbà á mọ́. Mo sọ fún un. Mo sọ ọ́ láti ojú ìwé kìíní dé àpò dúdú mẹ́ta, mi ò fo ojú ìwé kankan.

Ó gbọ́ ọ tán. Mo ń retí kó gbá mi létí. Ó rọra bi mí pé, “Ìlà wo ni?” Kò yé mi. Ó ní, “Láàárọ̀ láàárọ̀, látọdún méjìlá, mo máa ń ka ètò yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin kí n tó jẹun. Mò ń wá ìlà tí mo ti ṣìṣe. Mi ò rí i rí. Mo ní arúgbó ti sọ mí di òmùgọ̀. Ìlà wo ni?” Mo ní, “Kò sí, Ìyá. Ìlà yín pé. Gbogbo ẹ̀ ló pé.” Ó tẹ àpamọ́wọ́ rẹ̀ mọ́yà, ó dìde, ó di ògiri mú títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ti kọjá. Kò wá. Mi ò ránṣẹ́ pè é, ẹnu wo ni màá fi pè é?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jí ohun àtijọ́ dìde, ẹ má fi iṣẹ́ yín ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Bí nọ́ńbà kẹta kò bá bára mu, ẹ dúró níbẹ̀, kí bàálù máa lọ. Ẹ yọ orúkọ mi kúrò lára Ṣírò kí ẹ fi orúkọ Ìyá síbẹ̀. Òun ni èdè náà wà lórí rẹ̀, èmi kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Ẹ mú ìwé yìí lọ síwájú iléewòsàn kí wọ́n tún fáìlì yẹn kọ. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mò ń bẹ̀, wọ́n ti ń pé ọmọ ọdún méjìlá báyìí, bí mo bá sì kígbe, wọn ò ní gbọ́. Kí ẹni tó bá mọ èdè ọwọ́ nínú yín jọ̀ọ́ lọ bá wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kó sọ ọ́ fún wọn níṣojú rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó yé wọn yékéyéké: ìyá àgbà yín kò ṣe yín ní nǹkan kan rí.